Aránbàtà Tó Lọ Síbi Tí Owó Wà

Lọ́jọ́ tí lẹ́tà ilé-iṣẹ́ ńlá tẹ aránbàtà náà lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ló kà á sí ìyàwó rẹ̀ létí. Owó oṣù ìlọ́po mẹ́rin. Yàrá tirẹ̀, tábìlì tirẹ̀, fáànù méjì.

"Olówó orí mi," ni ìyàwó wí, "ṣé iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ràn yìí náà lẹ ó máa ṣe níbẹ̀?"

"Ìfẹ́ iṣẹ́ la fi ń san owó ilé ni?"

Bẹ́ẹ̀ ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà dé góńgó. Ọdún mọ́kànlá ló ti wà ní ṣọ́ọ̀bù bàbá arúgbó kan tí wọ́n ti ń rán bàtà fún àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kan gùn ju èkejì lọ. Ọwọ́ bàbá ti ń gbọ̀n, kò lè di abẹ́rẹ́ mú mọ́. Aránbàtà ló ń wọn ẹsẹ̀, òun ló ń gé awọ, òun ló ń rán an. Bí oníbàárà bá wọ bàtà tuntun, tó rìn yí ṣọ́ọ̀bù ká láì tiro, tó bú sẹ́kún, aránbàtà á dọ́gbọ́n kọjú sí ògiri.

"Ìdajì ohun tó bá wọlé ni kí o máa mú," ni bàbá bẹ̀ ẹ́ nígbà tó wá dágbére. "Má lọ, ọmọ mi."

"Ọ̀gá, ìdajì kí ni?" Ó rẹ́rìn-ín jáde.

Bàtà onímáṣíìnì ni ilé-iṣẹ́ náà ń tà. Wọ́n ní ẹ̀ka bàtà àkànṣe ni yóò máa bójú tó, àmọ́ awọ rẹ̀ ṣì wà lójú òkun. Oṣù kan kọjá, awọ ò dé. Oṣù kejì, kò dé. Ó ń ka ìwé ìròyìn tán, ó ń tún un kà. Owó oṣù ń wọlé geerege. Bó bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá, òdìkejì títì ló ń gbà, kí eruku awọ má baà ba ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́.

"Ọwọ́ yín mà ti rọ̀ o," ni ìyàwó sọ. Ó kà á sí oríyìn.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mánijà ń yọjú sí i.

"Ọ̀gá aránbàtà, bàbá yẹn ńkọ́? Ó ti rí ẹlòmíì?"

"Níbo ló ti fẹ́ rí i? Ó ti ń dá oníbàárà padà." Ó gbọn ọwọ́ bíi ti bàbá, mánijà sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Inú aránbàtà dùn dọ́ba, pé èèyàn pàtàkì ń bá òun ṣàwàdà.

Ní oṣù kẹrin, ọjọ́ Ajé ni mánijà wá, ó na àpòòwé kan sí i, ó ní, "Ẹ ṣeun gan-an ni, bàbá ta ṣọ́ọ̀bù fún wa láàárọ̀ yìí, iṣẹ́ tá a torí ẹ̀ gbà yín ti parí nìyẹn."