Ológbò Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Láti ìgbà tí Péjú ti gbé ológbò náà wọ ilé rẹ̀ ní Loganville, nílùú òyìnbó, ìrù rẹ̀ nìkan ló ń rí. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yàrá àlejò ló sá wọ̀, ibẹ̀ náà ló sì jókòó sí. Ológbò tó ti dàgbà ni. Ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ẹran tí kò nílé ló ti mú un, wọ́n ní Daisy làwọn ń pè é.

Bàbá Dáramọ́lá, àgbà ìjọ wọn, ló gbà á níyànjú kó lọ mú un. Nọ́ọ̀sì ni Péjú. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tó bá ti shift dé, ògiri ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ó pe Bàbá lórí fóònù. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Kò jẹun o."

"Má fà á jáde. Jókòó sílẹ̀ nínú yàrá yẹn, má wò ó lójú. Ṣáà máa bá a sọ̀rọ̀."

"Kí ni kí n máa sọ fún un, sà?"

"Ohunkóhun. Sọ Yorùbá."

Péjú rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín.

"Fún un ní sàdíìnì," ni wọ́n wí. "Kọ́kọ́ fi omi gbígbóná ṣan òróró rẹ̀ kúrò."

Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń sọ ti ibi iṣẹ́, ó ń sọ ti olóògbé. Nígbà mìíràn yóò bá abọ́ ní òfìfo. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹja á gbẹ síbẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ológbò náà á máa ké lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ń rù. Dókítà ẹran ní kò sóhun tó ṣe é.

Tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Bàbá a máa gbé sàdíìnì wá, ṣùgbọ́n wọn kì í kọjá ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní orúnkún ń dùn wọ́n. Wọ́n á rọra béèrè, bí ẹni tó wà nílé aláìsàn: "Ṣé ó jẹun lánàá?"

Nígbà tó yá, ó sú Péjú, ó tún pe Bàbá lórí fóònù.

"Mo fẹ́ dá a padà, sà. Kò fẹ́ mi."

"Má tíì dá a padà. Mò ń bọ̀."

Akín, ọmọ wọn, ló wà wọ́n wá. Kò sọ̀ kalẹ̀, kò sì pa mọ́tò. Ẹrù kún ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Lọ́jọ́ yìí, Bàbá wọlé. Péjú mú wọn dé ẹnu ilẹ̀kùn yàrá àlejò. Wọ́n di férémù ilẹ̀kùn mú, wọ́n wúkọ́ díẹ̀.

Ológbò jáde. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Péjú máa rí gbogbo ara rẹ̀. Ó gun Bàbá títí dé àyà, ó ki orí bọ abẹ́ àgbọ̀n wọn, kò sì mira mọ́.

"Ẹ kúkú máa mú un lọ, sà," ni Péjú wí.

"Ilé àwọn arúgbó tí Akín ń gbé mi lọ kì í gba ẹran," ni Bàbá wí, bí wọ́n ti ń yọ èékánná rẹ̀ kúrò lára ẹ̀wù wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, "èmi náà ni mo sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ẹran tí kò nílé, kí n tó wá bá ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kó o lọ mú ológbò."