Ọlọ́runṣògo àti Ẹni Tí Kò Fi Orúkọ Sílẹ̀

Ìwà kan ló ba ayé Ọlọ́runṣògo jẹ́: kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ kí ó má kọ́kọ́ wádìí ẹni tó sọ ọ́. Ojú ìfura ló fi ń wo gbogbo ènìyàn. Síbẹ̀, ilé oúnjẹ rẹ̀ ní Ibo Road, ní àdúgbò Sabon Gari nílẹ̀ Haúsá, kì í ṣófo. Yorùbá, Ìgbò àti Haúsá ló ń jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, ẹnìkan tí kò fi orúkọ sílẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ sí ojú ewé tí àwọn ará Sabon Gari ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: "Ẹ bá wa sọ fún Ọlọ́runṣògo kó yẹ kànga tí wọ́n ń fi omi rẹ̀ fọ abọ́ wò. Omi rẹ̀ ti ń rùn."

Ọlọ́runṣògo kò dé ìdí kànga. Ọ̀dọ̀ Adéfẹ́mi tó ni ojú ewé náà ló gbà lọ.

"Ta ló kọ ọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣèlérí pé n kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣáà yẹ omi yín wò."

"Á jẹ́ pé ìwọ náà mọ̀ sí i!"

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Nígbà tó padà dé, ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ kó fóònù wọn wá. Àṣàbí, tó ti ń dáná fún un láti ọdún mẹ́sàn-án, kọ̀.

"Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ èmi àti àwọn ọmọ mi ló wà nínú ẹ̀. Wàláhì, èmi kọ́."

"Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ mọ́ kì í fi fóònù pamọ́. Máa lọ!"

Lóòótọ́, ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n àlòjù oògùn a máa pa aláìsàn. Ọlọ́runṣògo bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ kẹ́lẹ́ lọ sẹ́yìn ẹni tó bá ti tẹ fóònù, títí kan Fàtíyà ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí ẹni àìmọ̀ náà tún kọ̀wé pé omi ṣì ń rùn, ó ní Àṣàbí ló jókòó sílé rẹ̀ tó ń kọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ìgbẹ́ gbuuru bẹ́ sílẹ̀. Oníbàárà mọ́kànlá dèrò ọsibítù, àti Fàtíyà náà tó máa ń jẹun níbẹ̀. Àwọn wolé-wolé dé, wọ́n rí i pé ṣalángá ti ń jò sínú kànga. Wọ́n ti ilé oúnjẹ náà pa.

Ọlọ́runṣògo wá Àṣàbí lọ sí Zoo Road, níbi tó ti rí iṣẹ́ mìíràn. Àṣàbí rò pé ó wá tọrọ àforíjì ni.

"Jọ̀ọ́, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ìwọ lo kọ ọ́?"

Àṣàbí ní: "Ọ̀gá, ìyàwó yín ń bẹ lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹni tó kọ ọ́ lẹ ṣì ń wá?"

Ó yípadà, ó wọlé. Kí Ọlọ́runṣògo tó padà dé ọsibítù, Fàtíyà ti kú.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ìtàn yìí, kì í ṣe gbogbo ẹni tó bo orúkọ ara rẹ̀ ló ní èrò ibi. Ìbẹ̀rù ọ̀gá tàbí ti aládùúgbò ló ń mú ọ̀pọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Bí ìkìlọ̀ bá dé, ẹ jẹ́ ká yẹ ohun tí wọ́n sọ wò. Bó bá jẹ́ irọ́, a ó mọ̀. Bó bá jẹ́ òótọ́, orúkọ ẹni tó sọ ọ́ kò ní fi nǹkan kan kún un.