Ẹran Tó Ń Kù Nínú Àwo Bàbá Ògúngbilé

Ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná, ẹ̀yin ọmọ mi, kí ẹ gbọ́ èyí. Ilé oúnjẹ kan wà ní Ìkìrun, lẹ́bàá ibùdókọ̀. Alhájà Sàfúrátù ló ni ín, Mosúnmọ́lá sì ni agbáwo rẹ̀. Ọmọ náà já fáfá, ó mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n ojúsàájú rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá ti máa ń sọ fún un pé, "Mú ṣéńjì yẹn," kò ní í tíì jókòó tán tí omi tútù yóò fi dé iwájú rẹ̀. Ẹni tí kì í fún un ní nǹkan, kó máa wo ògiri.

Bàbá Ògúngbilé wà lára àwọn tó ń wo ògiri. Bíríkìlà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú ló ti ń wá jẹ iyán níbẹ̀ lọ́sàn-án. Kò fi kọ́bọ̀ sílẹ̀ rí. Ohun tó tún ń bí Mosúnmọ́lá nínú ni pé ẹran méjì ni bàbá máa ń rà, ọ̀kan péré ló sì máa ń jẹ. Ìkejì á wà nínú àwo bẹ́ẹ̀, kò ní fi ẹnu kàn án. Mosúnmọ́lá gbà pé bàbá ń bu ẹnu àtẹ́ lu oúnjẹ àwọn ni. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó kó àwo, ó ju ẹran náà sí ajá tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá kò tíì dìde. Ó rí i, ó mú fìlà rẹ̀, ó lọ sílé jẹ́jẹ́.

Alhájà ní àṣà kan. Ní gbogbo Sátidé, á fa àga lọ sídìí tábìlì àwọn oníbàárà, á bi wọ́n bí ìtọ́jú ṣe rí. Ní ọjọ́ kejì ọ̀rọ̀ ajá yìí, ẹni mẹ́ta fẹjọ́ Mosúnmọ́lá sùn. Alhájà pè é sẹ́yìn ilé ìdáná.

"Mosún, bí ẹnì kan bá tún fẹjọ́ rẹ sùn mí lónìí, kó aṣọ rẹ kó o máa lọ."

Iṣẹ́ yìí ló fi ń ra oògùn fún ìyá rẹ̀. Kò tíì nu ojú tán tí Alhájà fi jókòó ti Bàbá Ògúngbilé. Mosúnmọ́lá dúró tòun ti tíréè lọ́wọ́.

"Bàbá, ṣé wọ́n ń tọ́jú yín dáadáa?"

"Mo ní ẹjọ́ kan, Alhájà, ẹjọ́ yín gan-an ni mo sì fẹ́ fi sùn yín," ni bàbá wí. "N kò rí ọmọ yìí kó jókòó jẹun rí. Orí ìdúró ló ń wà ṣáá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ra ẹran méjì, kí n lè ṣẹ́ ọ̀kan kù fún un. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. N kò lówó tí mo lè fi ta á lọ́rẹ, ibi tí agbára mi mọ nìyẹn."

Kò mẹ́nu ba ajá rárá.

Ṣé ẹ rí i, Mosúnmọ́lá ti jẹ àjẹkù bàbá tirẹ̀ nílé títí ó fi dàgbà. Nítorí pé ilé oúnjẹ ló ti bá àṣà yìí pàdé, kò dá a mọ̀ mọ́. Ó gbé tíréè sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó bú sẹ́kún.

"Bàbá, ajá ni mo jù ú fún. Ẹ forí jì mí."

"Mo rí ọ, ọmọ mi. Ebi ń pa ajá náà."

Alhájà kò lè lé e mọ́, nítorí ojú ti òun náà. Láti ọjọ́ yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kì í gbáwo lọ́sàn-án láìjẹun. Nígbà tí bàbá tún ṣẹ́ ẹran kù lọ́jọ́ Ajé, ọwọ́ méjèèjì ni Mosúnmọ́lá fi gbà á. Ó jókòó níwájú rẹ̀, ó jẹ ẹ́ tán. Ẹni tó fún un ní ṣéńjì àti ẹni tí kò fún un, omi tútù kan náà ló ń gbé fún wọn títí dòní.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má fi ohun tó bọ́ sí yín lọ́wọ́ wọn ìfẹ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ẹ rò pé kò fún yín ní nǹkan lè ti máa pín oúnjẹ ẹnu rẹ̀ sí méjì nítorí yín. Ẹni tó mọ inú rò ló ń mọ ọpẹ́ dá.