Ẹ́ńjìnnì Orrin àti Ẹṣin Lavonne

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, pàápàá ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ fẹ́ràn ọkọ̀ ju oúnjẹ lọ. Bí ẹ bá ń kánjú, ẹ gbé e sílẹ̀ ná, kí ẹ padà wá nígbà tí ara yín bá balẹ̀.

1.

Ní àdúgbò wa ní Nebraska, níbi tí koríko ti pọ̀ ju èèyàn lọ, iṣẹ́ Orrin ni kí ó máa kó koríko fún àwọn tó ń sin màlúù. Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́ kú, Lavonne ìyàwó rẹ̀ ta Juniper, abo ẹṣin tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ̀bí, láti fi kún owó píkọ́ọ̀pù tuntun. Bàbá Hatch, aládùúgbò wọn, ló ra ẹṣin náà.

"Ọmọ mi," ni bàbá wí, "mi ò ní tà á fún ẹlòmíì títí òtútù fi máa dé. Ẹ wá rà á padà."

Lavonne ò sunkún lójú ọkọ rẹ̀. Àràárọ̀ ló ń rìn lọ sí ọgbà Bàbá Hatch, tí á na ápù kan sí Juniper láàárín wáyà. Orrin á máa wò ó láti ojú fèrèsé, àánú á sì máa ṣe é. Ó búra nínú ara rẹ̀ pé owó koríko ọdún yẹn ni yóò dá ẹṣin náà padà wálé.

Ọkọ̀ tuntun náà ní wárántì. Bí ẹ́ńjìnnì bá bàjẹ́ láàárín ọdún márùn-ún, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkàn wọn balẹ̀.

2.

Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, níbi àjọ̀dún àwọn àgbẹ̀, àwọn ọkùnrin wa a máa so ọkọ̀ mọ́ ẹrù irin ńlá kan, ká lè mọ ọkọ̀ ta ni yóò wọ́ ọ jìnnà jù. Dewey, àbúrò Lavonne, ló máa ń gba ife ẹ̀yẹ.

"Àna mi," ni Dewey wí níjọ́ kan, páì kún un lẹ́nu, "ọkọ̀ tìrẹ yẹn, ṣé èyí tí wọ́n fi ń gbé ìyá àgbà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Orrin náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára ṣinṣin.

"Má dá a lóhùn o," ni Lavonne sọ fún un lọ́nà ilé. "Ẹnu lásán ló ní. Koríko la fẹ́ fi ọkọ̀ wa kó."

"Mo ti gbọ́, olólùfẹ́ mi."

Ó gbọ́ lóòótọ́, kò gbà ni. Ó yọ́ lọ ra àpótí kékeré kan tí í yí ètò inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ padà, kí ẹ́ńjìnnì lè máa jó epo dísù ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ. Lọ́jọ́ àjọ̀dún, èéfín dúdú bo pápá, Orrin sì wọ́ irin náà kọjá ti Dewey. Lavonne pàtẹ́wọ́ títí. Inú ọkọ rẹ̀ ń dùn, inú tirẹ̀ náà sì ń dùn, kò mọ̀ pé àpótí kankan wà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ká ní ó dá ètò náà padà sí ti tẹ́lẹ̀ níjọ́ náà ni! Ṣùgbọ́n agbára dùn mọ́ ọn. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, Orrin fi í sùn títí di ìgbà koríko.

3.

Ibi tí ó ti ń gbé ẹrù koríko gun òkè ni ẹ́ńjìnnì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọlu ara rẹ̀, gbà, gbà, gbà, tó sì dákẹ́. Kí wọ́n tó wá wọ́ ọkọ̀ náà, Orrin sáré fi àpótí yẹn dá ètò àtijọ́ padà, ó sì sọ ọ́ sínú koríko. Ta ni yóò mọ̀?

Ọkùnrin tó ń tún ọkọ̀ ṣe níbi tí wọ́n ti rà á so ẹ̀rọ tirẹ̀ mọ́ ọn. Ó wò ó, ó mi orí.

"Ẹ má bínú o, Ọ̀gá Orrin. Mo rí i pé ẹ ti dá a padà. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ò gbàgbé pé ẹ yí òun padà. Ooru tó pọ̀ jù ló yọ́ písítìn inú ẹ́ńjìnnì yín."

"Ṣé wárántì ti parí nìyẹn?"

"Kò parí o. Bí ilẹ̀kùn tàbí iná bá bàjẹ́, a máa tún un ṣe. Ohun tí àyípadà yẹn bàjẹ́ nìkan la ò ní fọwọ́ kàn. Ẹ́ńjìnnì yìí, ọrùn yín ló wà."

4.

Lavonne ń bó ànàmọ́ nígbà tí Orrin jẹ́wọ́ fún un.

"Nítorí ọ̀rọ̀ Dewey?"

"Nítorí ọ̀rọ̀ Dewey."

Lavonne gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Jókòó. O ò tíì jẹun láti àárọ̀." Ìgbà náà ni Orrin bú sẹ́kún.

Owó tí wọ́n ń tọ́jú de Juniper wọ inú ẹ́ńjìnnì lọ, àwọn ẹlòmíì sì kó koríko ọdún náà. Òtútù dé. Ara Bàbá Hatch ò le mọ́, ó fẹ́ kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó ta Juniper fún ọkùnrin kan láti Wyoming, ìpínlẹ̀ mìíràn tó jìnnà.

"Mo dúró débi tí agbára mi mọ, ọmọ mi," ni bàbá wí. Omi wà lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá mú un, Juniper kọ̀, kò wọ inú ọkọ̀ ọkùnrin náà. Lavonne fúnra rẹ̀ ló na ápù sí i, tó fà á wọlé jẹ́jẹ́. Orrin ló ti ilẹ̀kùn.

"Ṣé inú ń bí ẹ sí mi?" ni ó béèrè.

"Inú ń bí mi. Mo sì nífẹ̀ẹ́ rẹ. Jẹ́ ká lọ sílé."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Orrin rí i tí ó mú ápù kan, tó wọ bàtà, tó dé ẹnu ọ̀nà. Lavonne dúró. Ó padà wá, ó sì rọra dá ápù náà padà sínú abọ́.

Mo kìlọ̀ fún yín o: kí ẹ tó yí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó ń bọ́ yín padà nítorí ẹnu ayé, ẹ ka wárántì yín, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ife ẹ̀yẹ Orrin ṣì wà lórí pẹpẹ. Kò sẹ́ni tó ń wò ó. Àṣejù, baba àṣetẹ́.