Ojú Ìwé Kẹsàn-án

Aránwèé fa ojú ìwé kẹsàn-án yọ, ó jù ú sílẹ̀, ó sì fa ti ìwé mìíràn yọ. Ìwé àwọn gbajúmọ̀ tó ń gbé etí òkun ni wọ́n tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé wọn ní Ṣómólú. Lójú ìwé kẹsàn-án, Morọ́láyọ̀ ń rẹ́rìn-ín, òkun wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí tábìlì yìí kan náà ni àwọn obìnrin méjèèjì ti jọ ń ránwèé, títí oníbàárà kan fi wá tẹ káàdì, tó sì fi Morọ́láyọ̀ ṣaya. Bẹ́ẹ̀ aránwèé ni oníbàárà náà kọ́kọ́ kí.

"Kò sẹ́ni tó máa rí ọ," ló wí fún àwòrán náà.

Ó di gbogbo rẹ̀, ọ̀ọ́dúnrún ewé, ó gbé e fún alákàrà ẹnu ọ̀nà.

"Ìyá Níní, ẹ gba bébà tí ẹ máa fi wé àkàrà. Ọ̀fẹ́ ni."

"Ẹ ṣé o! Ẹ ò ní ṣaláìní."

Kò tíì jókòó dáadáa tí ariwo fi sọ níta.

"Ṣé kì í ṣe Morọ́láyọ̀ àdúgbò Ladi-Lak nìyí?"

"Òun mà ni! Ó ti di èèyàn ńlá!"

"Ìyá Níní, ẹ bá mi fi fọ́tò yẹn wé tèmi. Orí pósítà olóṣèlú yìí ni màá lẹ̀ ẹ́ sí, ó sàn jù ú lọ."

Ọ̀gá wọlé, ó ń jẹ àkàrà.

"Wá wo ọ̀rẹ́ ẹ!"

Ó tẹ́ bébà náà síwájú aránwèé. Bí ọ̀gá ṣe rí nọ́ńbà mẹ́sàn-án nísàlẹ̀ rẹ̀, ó dẹ́kun àkàrà jíjẹ: inú ìwé wọn ni wọ́n ti fa á yọ. Àmọ́ Morọ́láyọ̀ ṣì ń rẹ́rìn-ín. Òróró àkàrà ti mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ máa dán bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀, tó sì para.