Ìwé Owó-orí Olùkọ́ Ọ̀ṣúnlànà

Tinúadé aránṣọ fi ìwé ìjọba lé orí gíláàsì tó ń ka ìwé, tó sì ń sọ̀rọ̀ ní káńsù láti san owó-orí ilé rẹ̀. Wọn kì í gba náírà níbẹ̀ mọ́. Ìwé tí ìjọba ń fún àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì dípò owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n ń gbà, gíláàsì á sì pe orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín.

"Ìwé Olùkọ́ Ọ̀ṣúnlànà," ni gíláàsì wí ketekete. "Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà. A ti gbà á."

Tinúadé bojú wẹ̀yìn. Olùkọ́ Ọ̀ṣúnlànà, bàbá tó kọ́ ọ níwèé, ló tò sẹ́yìn rẹ̀ yìí. Nígbà tí ìyàwó bàbá ń ṣàìsàn, tí ilé ìwòsàn ní náírà làwọn fẹ́, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà péré ni Tinúadé fi ra ìwé náà lọ́wọ́ bàbá.

"O ṣeun, ọmọ mi," ni bàbá wí. "Owó rẹ la fi ra oògùn. Mo wá bẹ̀ wọ́n ni, kí wọ́n má tíì ti ilé mi pa nítorí owó-orí tí n kò rí san."

Tinúadé kúnlẹ̀. "Ẹ dárí jì mí, sà. Mo rẹ́ yín jẹ." Ó yíjú sí akọ̀wé tó ń tọ́jú gíláàsì. " Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sórúkọ bàbá."

"Èyí tó bá ti wọlé kì í jáde mọ́, mà," ni akọ̀wé wí.

Bàbá fà á dìde. "Máa lọ sílé, Tinú."

Tinúadé gba ìwé-ẹ̀rí owó-orí tí gbogbo onílé ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Ó délé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí, ọwọ́ rẹ̀ kò gbé e láti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn.