Ogójì Ìgbésẹ̀ sí Ilé Ragnar

Ní abúlé Granskata, bákan náà ni gbogbo ènìyàn ń sọ ọ́: ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló dìde láti parí ìjà Edvin àti Ragnar Nygård. Ìtàn náà dùn ún gbọ́. Ìṣirò rẹ̀ ni kò pé.

Òótọ́ ni pé ilẹ̀ ibẹ̀ ń dìde. Yìnyín tí ó nípọn ju kìlómítà méjì lọ ló jókòó lé e lórí fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Nígbà tí yìnyín náà yọ́ tán, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í nàró díẹ̀díẹ̀ bí alárù tí a sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, kò sì tíì dáwọ́ dúró. Ibi tí àwọn bàbá ń so ọkọ̀ mọ́ ni àwọn ọmọ ń gbin ọ̀dùnkún sí.

Edvin ń gbé ní èbúté. Ragnar, àbúrò rẹ̀ tí ó fi ọdún márùn-ún jù, ń gbé ní erékùṣù kékeré tí ó kọjú sí i. Omi tí ó là wọ́n láàárín kò ju ogójì ìgbésẹ̀ lọ. Ní ọdún tí bàbá wọn kú, ọkọ̀ rẹ̀ já lọ sójú òkun, olúkúlùkù sì ní èkejì ni kò so ó dáadáa. Edvin búra níwájú gbogbo ará abúlé pé òun kò ní wọ ọkọ̀, òun kò sì ní rìn lórí yìnyín, láti lọ sí ilé Ragnar. Bí òun kò bá lè fi bàtà gbígbẹ rìn lórí ilẹ̀ débẹ̀, kí ó má retí òun. Ragnar fèsì pé òun kò ní lọ bẹ ẹni tí kò mọ ọkọ̀ í so, ṣùgbọ́n pé òun yóò máa gbé kọfí kaná dè é.

Ìjà náà ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nígbà tí Helmi, awọnlẹ̀ kan láti ìlú, wá wo àmì tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta èbúté láti fi mọ bí ilẹ̀ ti ń ga sí. Edvin bẹ̀ ẹ́ kí ó bá òun wọn omi náà. Ibi tí ó jìn jù jẹ́ ogójì sẹ̀ǹtímítà. Ilẹ̀ sì ń fi mìlímítà mẹ́jọ ga lọ́dún.

"Àádọ́ta ọdún ni, bàbá," ni Helmi wí.

Edvin jẹ́ ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. "Kò burú, ọmọ mi. Ṣáà bá mi sọ fún ilẹ̀ pé kó ṣe kíá díẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò fẹnu kan kọfí rẹ̀ mọ́. Dókítà ti sọ fún un pé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò gba òtútù mọ́, kí ó máa lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní ìlú Vasa lọ́dọọdún lẹ́yìn Kérésì, kí ó má sì padà títí yìnyín yóò fi yọ́. Ikú kò bà á lẹ́rù. Ohun tí ó bà á lẹ́rù ni kí wọ́n sin òun láìjẹ́ pé òun tún fojú kan àbúrò òun nítòsí.

Helmi wọ ọkọ̀ kọjá sọ́dọ̀ Ragnar, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ dé ọ̀hún náà. Ragnar fún un ní ẹja yíyan àti búrẹ́dì dúdú. Ó béèrè iye ọdún tí ó sọ fún ẹ̀gbọ́n òun. Ó béèrè ibi tí omi ti jìn jù. Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá ikọ́ ẹ̀gbọ́n òun ti lọ.

"Àádọ́ta," ni ó tún un sọ. "Ẹ̀gbọ́n mi ò ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀."

Ọdún ń yí lu ọdún. Ní ìsọ̀ Gunnel, níbi tí ọ̀rọ̀ gbogbo ti ń gbóná, wọ́n ní oko Ragnar, tí kìkì òkúta ni tẹ́lẹ̀, ti ń so ọ̀dùnkún bí orí ọmọ. Gunnel fúnra rẹ̀ ní ohun kan nípa Ragnar ló ń ya òun lẹ́nu.

"Ibọ̀wọ́ mẹ́rin ló rà lọ́wọ́ mi ní ìgbà òtútù kan ṣoṣo," ni ó wí. "Àbí ó ń sè wọ́n jẹ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní òtútù a máa mú ẹni tí ó ń dá gbé ju ẹlòmíràn lọ. Bí Edvin bá ti Vasa dé, yóò ki ọ̀pá bọ omi, yóò sì wá sọ fún wọn bí ó ti fà tó. Ó ní àwọn awọnlẹ̀ kò mọ ìṣirò. Òkúta tí ń yọrí nínú omi kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Yìnyín àtijọ́ ti fọ́n òkúta sí gbogbo etíkun yẹn kí ẹnikẹ́ni tó gbé ibẹ̀.

Ní oṣù Òkúdù ọdún kẹfà, Helmi padà wá. Ọ̀nà tóóró kan ti yọ láti etí omi dé etí omi. Edvin wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì, ó mú ọ̀pá, ó sì rìn ín. Àwọn ará abúlé dúró ní èbúté, wọ́n ń bá a ka ìgbésẹ̀. Ragnar wà ní ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ pẹ́, ẹ̀gbọ́n. Kọfí ti tutù."

"Ilẹ̀ ló pẹ́." Edvin gbé ẹsẹ̀ kan sókè kí ó lè rí i pé bàtà náà gbẹ. "Mi ò yẹhùn o. Mi ò sì gbàgbé ẹni tí kò so ọkọ̀."

"Ẹ wọlé kí ẹ jókòó sọ ọ́."

Wọ́n wọlé, wọ́n sì ń jiyàn lórí ọkọ̀ náà títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn tí ó wà ní èbúté ń gbọ́ ohùn wọn. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ilẹ̀ ló parí ìjà.

Helmi ka àmì ara àpáta kí ó tó lọ: sẹ̀ǹtímítà márùn-ún péré ni ilẹ̀ fi ga láàárín ọdún mẹ́fà. Ìyókù jẹ́ òkúta tí Ragnar ń wọ́ wá sórí yìnyín ní gbogbo oṣù Èrèlé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sí nílé, tí ó sì ń tò síbẹ̀ kí wọ́n lè rì fúnra wọn nígbà tí yìnyín bá yọ́.